Bí Bàbá Mi Ṣe Fi Iye Lé Pósí Rẹ̀

Èmi kì í jẹ́ kí nǹkan bá mi lójijì. Oṣù kẹsàn-án ni mo ti máa ń ra ìrẹsì Kérésìmesì. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, mo ti ní kí wọ́n wá yẹ òrùlé wò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣe tíṣà ní Kábà máa ń sọ pé mo ti kọ ìbéèrè ìdánwò sílẹ̀ kí n tó kọ́ wọn ní iṣẹ́ tí ìdánwò náà dá lé, wọn ò sì parọ́ mọ́ mi. Ìwà yìí ni mo gbé dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá mi lọ́dún tó kọjá, nígbà tí kò lajú mọ́, tí dókítà pè mí sí kọ̀rọ̀, tó ní kí n lọ máa múra sílẹ̀. Bí wọ́n bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn, á bú sẹ́kún. Èmi gbé báàgì mi, mo lọ wá pósí.

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́sàn-án náírà ni mo rà á. Pákó gidi ni, wọ́n kùn ún títí ó fi ń dán, ó ní ìdìmú mẹ́fà tó ń kọ mọ̀nà, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sínú rẹ̀, wọ́n sì gbé ìrọ̀rí kékeré kan sí ìhà orí. Káfíńtà tó kàn án, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lọ́nà Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, kan àwo bàbà pẹlẹbẹ kan mọ́ ìdérí rẹ̀. Ó kọ orúkọ bàbá mi sí i, ó kọ "Ó sùn nínú Olúwa" sí abẹ́ orúkọ náà, ó wá fi àyè sílẹ̀ fún ọjọ́. Mo fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé e wálé, mo gbé e sí yàrá ẹ̀yìn tí a ń kó iṣu sí, mo fi aṣọ bò ó. Ní ọjọ́ kejì tí mo gbé e dé, bàbá mi dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní rédíò òun dà.

Inú mi dùn dé góńgó. Mo sunkún, mo dọ̀bálẹ̀ fún Ọlọ́run níwájú àwọn nọ́ọ̀sì, èmi obìnrin tó yẹ kó kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń sunkún ni ọkàn mi ń sáré lọ sí yàrá iṣu.

Bàbá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Stóòkípà ìjọba ni kó tó fẹ̀yìn tì: gbogbo iṣẹ́ ayé rẹ̀ kò ju kó máa ka àga, kó máa ka tábìlì, kó sọ èyí tó ṣì dára àti èyí tí wọ́n lè gbé sí gbàǹjo. Owé, ẹ̀ka èdè àwa ará Kábà, ló ń sọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Èmi ni mo ń tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ ní Yorùbá ìwé níbí, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má rò pé ó ń sọ̀rọ̀ bíi tíṣà. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí a gbé e dé láti ilé ìwòsàn, ó ní òun fẹ́ lọ wo iṣu òun. Mo sáré tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ẹni tó ti dé ẹnu ibojì tó padà wá kì í rọra rìn bí mo ṣe rò. Nígbà tí mo máa fi dé yàrá náà, ó ti ká aṣọ kúrò, ó ti tẹ̀ síwájú, ó ń ka orúkọ ara rẹ̀.

"Ta ló kọ èyí?" ló bi mí.

Mo ní káfíńtà ni.

"Kò ṣi orúkọ mi kọ." Ó fi ìka kan ìdérí náà lẹ́ẹ̀mejì. "Èló lo rà á?"

Mo sọ fún un.

"Fún èmi?" ló wí. Ó bò ó padà, ó mú iṣu kan, ó jáde.

Kò bú mi. Ì bá bú mi, ì bá sàn fún mi. Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àlejò tí ìjọba rán wá sọ̀rọ̀. Bí mo bá gbé omi fún un, á dúpẹ́. Bí mo bá ṣí fèrèsé, á dúpẹ́. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí fèrèsé, kó yára yẹ ara rẹ̀ wò. Ohun tí mo ń fẹ́ kò ju pé kó bi mí ní ìdí tí mo fi ra pósí nígbà tó ṣì ń mí, kí n lè sọ ọ́, kí n bẹ̀ ẹ́, kó dárí jì mí. Kò bi mí. Ohun tó sọ ni pé kí a ta á.

Mo kọ́kọ́ padà lọ sọ́dọ̀ káfíńtà. Ó ń fá pákó lọ́wọ́, kò tilẹ̀ dúró.

"Okun o, màdáámù," ló fi kí mi, bí wọ́n ṣe ń kíni ní agbègbè wa. "Ẹ kú àdánù."

Mo ní kò sí àdánù, bàbá wà láyè, mo wá dá ọjà padà ni. Ìgbà yẹn ló dúró.

"Hàbà! Pósí tó bá ti jáde níbí kì í padà wá lófìfo," ló wí. "Ṣé ẹ fẹ́ kó wá máa wá ẹni tó máa gbé ni? Èmi àti àwọn ọmọ mi la wà níbí."

Mo ní kó mú ìdajì owó. Ó ní kódà kí n fi owó kún un, òun ò gbà á. Ó wá fún mi ní ìṣó mélòó kan lọ́fẹ̀ẹ́, mi ò mọ ohun tó rò pé mo fẹ́ fi ṣe.

Àbúrò mi tó wà ní Àbújá ló gbà wá nímọ̀ràn pé ká gbé e sí ọjà orí fóònù, níbi tí àwọn èèyàn ti ń ta fíríìjì àlòkù, àga, ọkọ̀ àti ajá. Ó ní kò sí ohun tí wọn kì í rà níbẹ̀. Mo rò pé bàbá mi máa kọ̀. Ó ní kí n gbé àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun kí a bẹ̀rẹ̀.

Ọjà orí fóònù ní ìbéèrè púpọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ní ká yan ìsọ̀rí. A wá pósí títí, a ò rí i. A rí "ohun èlò inú ilé", a rí "eré ìdárayá", a rí "ọmọ ọwọ́". Bàbá mi ní ká fi í sí ohun èlò inú ilé, ó ní bí wọ́n bá wò ó dáadáa, bẹ́ẹ̀dì ni. Wọ́n wá béèrè pé ṣé tuntun ni àbí àlòkù. Mo ní tuntun. Bàbá mi ní kò rí bẹ́ẹ̀, ọjà tó bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù tó ti wọ ilé kì í ṣe tuntun mọ́, òun ò sì ní fi ọjọ́ ogbó purọ́ fún aráyé. Mo ní wọn ò ṣáà tíì lò ó. Ó ní òótọ́ ni, ó sì jọ pé òun lòun mọ̀ ọ́n jù. A jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Níkẹyìn, a fi àmì sí àlòkù, a wá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé ẹni tí wọ́n rà á fún kò wọ inú rẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ kejì ó wọ ṣẹ̀ẹ̀tì tó fi ń lọ síbi iṣẹ́ láyé ìjọ́un, ó mú tọ́ọ̀ṣì àti ìwé kékeré kan, ó lọ yẹ pósí náà wò. Ó wo abẹ́ rẹ̀. Ó ṣí ìdérí, ó pa á dé, ó tẹ́tí sí bó ṣe ń dún. Ó fi ìka tẹ ìrọ̀rí. Ó wá tú àwo bàbà tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ kúrò, ihò ìṣó mẹ́rin sì kù síbẹ̀. Inú rẹ̀ bàjẹ́ sí ihò mẹ́rin yìí ju sí ohunkóhun tí mo ti ṣe lọ. Ó ní láyé ìjọba, ihò kan lára ọjà máa ń dín owó rẹ̀ kù, ó sì kọ ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń kọ orúkọ ọlọ́ṣà.

Ó ku iye tí a máa pè é. Ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà mọ iye ọjà àlòkù ni kí wọ́n wo iye tí àwọn ẹlòmíràn ń ta irú rẹ̀. Ní gbogbo Kogí, ní gbogbo Nàìjíríà, a ò rí ẹlòmíràn tó ń ta pósí àlòkù. Bàbá mi kò wò ó pé ohun ẹ̀rín ni èyí. Ó ní ká lọ wo kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, nítorí pé pákó ni, ó ní ìlẹ̀kùn, èèyàn sì lè wọ inú rẹ̀. A rí kọ́bọ́ọ̀dù kan ní Lọ́kọ́ja. Ó wọn pósí gígùn, ó wọn ọ́n fífẹ̀, ó ṣírò iye tí pákó kọ́bọ́ọ̀dù náà jẹ́, ó fi kún un nítorí aṣọ funfun, ó fi kún un nítorí ìdìmú, ó yọ ti ihò mẹ́rin. Nígbà tó ṣírò tán, ó ní irinwó ẹgbẹ̀rún.

Mo ní, "Bàbá, ọgọ́sàn-án ni mo rà á ní tuntun."

"Ìwọ lo rà á ní ọgọ́sàn-án," ló wí. "Gbogbo Kábà ló máa rí iye yìí. Mi ò ní í wà láyè kí wọ́n máa sọ pé owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ì bá fi sin mí."

A kọ irinwó. Kò pẹ́ tí ọjà náà fi fèsì pé iye tí a pè ti pọ̀ jù fún irú ọjà bẹ́ẹ̀. Bàbá mi wo fóònù náà títí. Ó ní kí n bi wọ́n pé pósí mélòó ni wọ́n ti tà rí.

Àwòrán ló wá dá gbogbo rẹ̀ rú. Wọ́n ní kí ẹni tó bá ń ta ohun ńlá gbé nǹkan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí oníbàárà lè mọ bó ṣe tóbi tó. Mo gbé garawa síbẹ̀. Bàbá mi ní garawa kò ṣàlàyé ohunkóhun, ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ dúró ní ẹ̀gbẹ́ pósí náà, ó fi ọwọ́ kan lé orí ìdérí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó kúrò níbẹ̀. Ó ní ìwọ̀n òun ni wọ́n fi kàn án, ta ló tún yẹ kó dúró síbẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn èèyàn ti pín àwòrán náà káàkiri. Ẹnì kan kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé kí bàbá yẹn sún díẹ̀ kí òun rí ìdìmú kẹta. Ẹlòmíràn ní ṣé bàbá wà nínú iye náà ni.

Wọ́n wá ń pè wá. Bàbá mi gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ní òun ni òun mọ ọjà náà. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà ní ọjà Kábà pè, ó ní ṣé ìdérí rẹ̀ bá a mu dáadáa, nítorí pé eku ti jẹ ọjà òun tán. Bàbá mi sọ fún un pé eku kan kò lè wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n òun ò gbà kí wọ́n fi ẹ̀wà sí i, kí ẹ̀wà lọ wá àpótí tirẹ̀. Ọkùnrin kan ní Àmúró ní òun ò lówó, òun máa kó òbúkọ méjì wá àti jẹnẹrétọ̀ kan tó nílò àtúnṣe díẹ̀. Bàbá mi béèrè ọjọ́ orí àwọn òbúkọ náà kó tó kọ̀. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ kan fẹ́ yá a fún eré Àjíǹde. Bàbá mi ní ṣé wọ́n rò ó dáadáa, ẹni tí wọ́n ń ṣeré rẹ̀ kò jí dìde nínú pósí.

Èyí tí mo gbọ́ pẹ̀lú etí ara mi ni ti obìnrin kan tó béèrè ìdí tí a fi ń tà á.

"Ẹni tí wọ́n rà á fún kò nílò rẹ̀ mọ́," ni bàbá mi wí.

"Kí ló ṣe é?"

"Ara rẹ̀ yá."

Obìnrin náà pa fóònù.

Mo rẹ́rìn-ín ní kọ̀rọ̀ tí mo wà títí ẹ̀gbẹ́ fi ń ro mí, mo wá rántí pé kò tíì bi mí ní nǹkan kan. Ó ń bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀ lórí pósí náà, àfi èmi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ọjọ́ tí a máa tà á, nítorí mo mọ̀ pé bó bá ti kúrò nílé, ọ̀rọ̀ náà ti parí nìyẹn, bàbá mi á sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi báyìí títí ọjọ́ ikú rẹ̀, èyí tí mo ti fi ìkánjú sún mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan.

Oníbàárà gidi dé ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan. Ọkùnrin kan tó tó ẹni ogójì ọdún ni, ó gun ọ̀kadà wá láti Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, eruku ti bò ó dé ìpéǹpéjú.

"Okun o, Bàbá."

"Okun. Jókòó."

Kò jókòó. Ó ní òun fẹ́ rí ọjà. A mú un lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ó yí pósí náà po, ó kàn án kó-kó-kó, ó kíyè sí ihò mẹ́rin. Bàbá mi sọ fún un pé a ti yọ ti ihò kúrò nínú iye. Ọkùnrin náà ní igba ẹgbẹ̀rún. Bàbá mi ní irinwó. Ọkùnrin náà ní òun ti rìn jìnnà. Bàbá mi ní pósí náà ò rìn, ibi tó wà náà ló ṣì wà. Wọ́n ń ná an bí ẹni ń ná màlúù, èmi sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń gbàdúrà pé kí wọ́n má fẹnu kò. Nígbà tó yá, bàbá mi ní ọ̀ọ́dúnrún ni jálẹ̀, òun ò ní í sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ó wá rántí pé òun ò tíì ṣe ohun tó yẹ kí òun kọ́kọ́ ṣe.

"Dárí jì mí," ló wí. "Ẹ kú àdánù o. Ta ló lọ nínú ilé?"

Ọkùnrin náà nu eruku ojú rẹ̀. "Kò tíì lọ, Bàbá. Ìyá mi ni. Wọ́n ní ká máa múra sílẹ̀ ni."

Mo wo ilẹ̀. Mi ò mọ ibi tí mo lè kó ojú mi sí.

Bàbá mi gbé ọwọ́ kúrò lórí ìdérí pósí náà. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí?"

"Àwọn nọ́ọ̀sì."

"Ọmọ rẹ̀ wo ló wà níbẹ̀?"

"Èmi nìkan ni mo wà nílé, Bàbá. Àwọn yòókù wà lẹ́yìn odi."

"Tò," ni bàbá mi wí. "Máa lọ."

Ọkùnrin náà rò pé wọ́n ṣì ń ná ọjà ni. Ó ní òun máa fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lé e. Bàbá mi di apá rẹ̀ mú, ó mú un jáde títí dé ibi tí ọ̀kadà rẹ̀ wà.

"Bó bá di dandan, wá gbé e," ló sọ fún un. "Mi ò ní í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Bí kò bá di dandan, má wá. Lọ jókòó tì í. Bí kò bá tilẹ̀ lajú, máa bá a sọ̀rọ̀."

Ọkùnrin náà wò mí bíi pé kí n sọ fún òun bóyá orí bàbá yìí pé. Mo ní kó ṣe bó ṣe wí. Ó lọ.

Bàbá mi jókòó sórí bẹ́ńṣì ìta. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi nígbà tí mo gbé omi fún un. Ó mu ún, ó gbé ife sílẹ̀.

"Mò ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ," ló wí. "Lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Ojú mi ni kò ṣí. Bí bàtà kan bá ti ń bọ̀, mo máa ń rò pé tìẹ ni. Nọ́ọ̀sì kan bi èkejì rẹ̀ pé ọmọbìnrin bàbá yìí dà. Èkejì ní ó ti lọ ná pósí. Bó ṣe rí ní ọjọ́ kìíní nìyẹn. Bó ṣe rí ní ọjọ́ kejì nìyẹn."

Mo pa gbogbo àlàyé tí mo ti tò sílẹ̀ láti oṣù mélòó kan tì. Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Mo sọ òótọ́ fún un, pé ẹ̀rù ló bà mí, pé mi ò lè jókòó kí n máa wò ó bó ṣe ń mí. Mo ní bí mo bá ń ná nǹkan, ó máa ń dà bíi pé ohun kan ṣì wà tí ọwọ́ mi lè ṣe.

"Ọjọ́ mélòó lo fi ná an?"

"Ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá."

"Èló ni káfíńtà dín kù fún ọ?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá."

Ó ro ó dáadáa, ojú rẹ̀ sì rí bó ṣe máa ń rí bí ó bá ń yẹ ọjà wò. Ó na ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e lé mi lórí.

"Wọ́n rẹ́ ọ jẹ, ọmọ mi," ló wí.